Ibo ni gbogbo yín wọlé sí?

Ẹgbẹ́ Scrabble wa ò tíì kú o, kò kàn sẹ́ni tó ń ta Scrabble níbẹ̀ mọ́ ni. Ẹ wọ gúrúùpù yẹn lórí WhatsApp láàárọ̀ yìí, ẹ máa rí "ẹ kú ọjọ́ tuntun" tí wọ́n fi òdòdó yí ká, ẹ máa rí àdúrà Jímọ̀, ẹ máa rí ẹni tó ń ta gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ tún máa rí ẹni tó ń wá oníná tó mọ inverter ṣe tí ò ní jà á lólè. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó rí ẹni tó máa ní "ta ló wà ńlẹ̀, ẹ jẹ́ ká ta ọ̀kan", iṣẹ́ ńlá ni. Ẹnì kan gbìyànjú ẹ̀ láìpẹ́ yìí, títí ilẹ̀ fi ṣú emoji ọwọ́ ni wọ́n ń jù sí i, kò sẹ́ni tó dáhùn pé "èmi rèé".

Tó o bá bi wọ́n pé kí ló dé, gbogbo wọn á ní dátà ni. Lóòótọ́ dátà ti gbówó lórí, January 2025 ni NCC, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù, fọwọ́ sí i pé káwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè fowó kún iye tí wọ́n ń gbà, àfikún yẹn lè tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, àtìgbà yẹn ni àwa tá à ń ra ti oṣù kan tẹ́lẹ̀ ti ń ra ti ọ̀sẹ̀ kan. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tan ara wa jàre, Scrabble kì í jẹ dátà. Létà lásán ló ń lọ tó ń bọ̀, odindi eré kan ò lè jẹ tó nǹkan tí skit kan ṣoṣo máa jẹ lórí TikTok, àwọn tó sì ń pariwo dátà yìí náà ló ń da fídíò sí gúrúùpù láago méjìlá òru. Kì í ṣe dátà. Mo ti ń rò ó tipẹ́, ohun tí mo rò pé ó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ kọ síbí, ẹni tí ò bá gbà kó wá bá mi jà.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ látẹ̀yìn díẹ̀ torí àwọn ọmọdé àárín wa rò pé 2020 la ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí ayélujára. Kẹ̀! Àwọn àgbà mọ ISC, ìyẹn Internet Scrabble Club táwọn ará Romania gbé kalẹ̀, kò lẹ́wà lójú rárá, ṣùgbọ́n wákàtí tó wù kó o dé ibẹ̀ lo máa rí ẹni bá ta. Kàfé la ti ń wọ ibẹ̀ nígbà yẹn, tí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ bá ti fẹ́ parí tó sì jẹ́ pé ìwọ lò ń na ẹnì kan lọ́wọ́, àyà ẹ á máa já. Lẹ́yìn náà ni Scrabulous dé orí Facebook, àwọn ọmọ ìyá méjì kan ní Kolkata nílẹ̀ India ló ṣe é, Rajat àti Jayant Agarwalla, ayé gba tiẹ̀ débi pé Hasbro tó ni Scrabble ní Amẹ́ríkà àti Canada gbé wọn lọ sí kóòtù, ni wọ́n bá tì í pa fáwọn ará ibẹ̀ ní July 2008. Nígbà tó wá di November 2015, Wellington Jighere tiwa lọ gba ife àgbáyé ní Perth, Australia, ó na Lewis Mackay ará England 4-0 ní àṣekágbá, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó máa gbà á. FELTY wà lára ohun tó fi pa á, point 36. Ojú gbogbo wa là lọ́jọ́ yẹn, ẹni tí ò mọ̀ ju CAT àti DOG lọ bẹ̀rẹ̀ sí í wá dikiṣọ́nárì Collins tí wọ́n fi ń ta Scrabble kiri.

Àmọ́ ẹgbẹ́ tiwa yìí, 2020 ni wọ́n bí i. Buhari ní kí Èkó, Ògùn àti Àbújá jókòó sílé láti March 30, ASUU náà ti gùn lé ìyanṣẹ́lódì tiwọn lóṣù yẹn kan náà, gbogbo ọmọ yunifásítì ti dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn, kò síṣẹ́, kò sí ìrìn, oúnjẹ nìkan ló kù. Ẹnì kan bá ṣí gúrúùpù, kò pẹ́ rárá tí ààyè 256 tí WhatsApp ń fúnni nígbà yẹn fi kún, àwọn míì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n ń dúró kí ẹnì kan bínú jáde kí wọ́n lè wọlé. Ọdún yẹn náà ni wọ́n pa áàpù Scrabble ti ilé iṣẹ́ EA tó wà lórí fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn, ní June, Scrabble GO ni wọ́n fi rọ́pò ẹ̀, tòun ti òkúta iyebíye àti àpótí ìṣúra tó ń tàn yinrin, káàkiri ayé làwọn tó ń ta Scrabble ti ń kọ ìwé ẹ̀hónú pé eré ọ̀rọ̀ làwọn ní káwọn ta, àwọn ò ní káwọn wa góòlù. Woogles, ìkànnì kan tí wọ́n ti ń ta Scrabble, ló gbà wá. Àwọn tó ń ta Scrabble fúnra wọn ló kọ ọ́, César Del Solar wà lára wọn, ọ̀fẹ́ ni, kò sí ìpolówó tó ń fò síni lójú, ohun tó wá dùn jù ńbẹ̀ ni pé ẹni tí ò ta lè wọlé wá wòran.

Ibi tí adùn ẹgbẹ́ wa wà gan-an nìyẹn o. Ẹni méjì á máa ta lórí Woogles, èrò rẹpẹtẹ á máa wò wọ́n, ariwo ẹ̀ á wá wà lórí WhatsApp. Bọ̀dá kan wà tó ń fi fọ́ìsì nóòtì ṣe kọ́mẹ́ńtárì lé e lórí, "ó gbé Z, ó ń wò ó, ó tún dá a padà, háà Olúwa, ó ti fi ZA há a mọ́ igun!" Àwọn kan ò tiẹ̀ ta rí, kọ́mẹ́ńtárì yẹn ni wọ́n ń bá wá. Àǹtí kan náà wà tá à ń pè ní Ìyá Ìbejì, ó ń ta ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé kan, iléèwé tì, ọjà ò tà, ó fi Scrabble pa ìrònú rẹ́. Mi ò rò pé ó na èèyàn tó mẹ́ta láyé ẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìyá Ìbejì lè to ọ̀rọ̀ tí Ọlọ́run ò dá sórí bọ́ọ̀dù kí ojú má sì tì í, tó o bá ṣálẹ́ńjì ẹ̀, ìyẹn ni pé o ní kí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò nínú dikiṣọ́nárì, tó já sí irọ́, á ní dikiṣọ́nárì wọn ni ò pé. Alẹ́ ọjọ́ tó to DASHIKI sílẹ̀, létà méjèèje lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, bónọ́ọ̀sì 50 lórí ẹ̀, ẹni tó ń bá a ta ní irọ́ tó máa ń pa náà ló tún pa yẹn, ó ṣálẹ́ńjì ẹ̀, ọ̀rọ̀ ń bẹ nínú Collins rekete. Gúrúùpù gbaná! Àwọn tó ti sùn jí. Ó pàdánù eré yẹn náà ṣá o.

Ẹni tó bá ti dúró ní ìdí ayò rí mọ nǹkan tí mò ń sọ. Ẹni méjì ló ń ta á, èrò ẹ̀yìn ló ń sọ̀rọ̀, ẹni tí wọ́n ń nà lọ́wọ́ ló tún ń lérí jù. Tó o bá dé ibẹ̀ wàá kí wọn pé "mo kọ́ta, mo kọ́pẹ", wọ́n á dá ẹ lóhùn pé "ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn". Ọ̀ta ni ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, ọ̀pẹ ni ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta. Ẹ̀fẹ̀ ni wọ́n ń fi ìyẹn ṣe níbẹ̀, torí kò sí ọ̀pẹ tó ń dákẹ́ nídìí ayò. Ní gúrúùpù tiwa, a sọ ọ́ di òfin.

Báyìí ló ṣe ṣẹlẹ̀. Nígbà tó di 2021, ilẹ̀kùn ti ṣí, àwọn èèyàn ti ń padà síbi iṣẹ́, èrò ń dín kù díẹ̀díẹ̀, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta jù láàárín wa wá ní ó tó gẹ́, àfi ká fètò sí i kó má bàa tú ká. Ọ̀rọ̀ wọn dùn létí. Líìgì, dífíṣọ̀n A, B, C, rétíǹgì fún kálukú, ìyẹn nọ́ńbà tó ń fi hàn béèyàn ṣe mọ̀ ọ́n ta tó, ọjọ́ tí eré gbọ́dọ̀ wáyé, ẹni tí ò bá yọjú ti pàdánù nìyẹn. Wọ́n ní ká ṣe gúrúùpù kejì fún àwàdà, ká fi èyí sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ eré nìkan. Wọ́n ní kọ́mẹ́ńtárì ń tú àṣírí ohun tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta. Kọ́mẹ́ńtárì dákẹ́. Gúrúùpù àwàdà tí wọ́n ṣí yẹn ńkọ́? Kò gbó rárá, torí kí la fẹ́ fi ṣàwàdà níbi tí eré ò sí?

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n tún ní gbogbo eré líìgì gbọ́dọ̀ jẹ́ void. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, lórí Woogles ẹ lè yan irú ṣálẹ́ńjì tẹ́ ẹ fẹ́. Tó bá jẹ́ void, ọ̀rọ̀ tí ò bá sí nínú Collins, kọ̀ǹpútà ò tiẹ̀ ní gbà á lọ́wọ́ ẹ, á ní kó o lọ tún un tò. Ó yá, ó mọ́, kò sí ìjà. Kò sí irọ́ náà mọ́. Idán tí Ìyá Ìbejì ń pa nínú Scrabble kò ju irọ́ yẹn lọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ tán, kí ló kù tó fẹ́ máa bá yín ṣe lálẹ́? Ó ta bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ní dífíṣọ̀n C, ó ní ojú ń dun òun, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́.

Àwọn ọ̀ta ní tiwọn ń gòkè ni ṣá. Zyzzyva ni wọ́n fi ń kàwé, ìyẹn sọ́fúwíà tó máa ń da létà rú tó máa ní kó o tò ó padà, ọ̀rọ̀ létà méjì 127 tó wà nínú Collins ti di orin lẹ́nu wọn, wọ́n ti ká ti mẹ́ta, wọ́n wà lórí ti méje àti mẹ́jọ. Ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn lé ní 270,000, ẹni tó bá fẹ́ há gbogbo ẹ̀ sórí mo bọ́ fìlà fún un tọkàntọkàn, mo mọ ẹni tó ń kà á nínú dánfó. Àmọ́ ẹ gbé irú ẹni bẹ́ẹ̀ pàdé ẹni tó mọ ogún nínú ọ̀rọ̀ létà méjì, wọ́n á fi 300 point nà án kílẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn náà wọ́n á tún fi Quackle, ìyẹn sọ́fúwíà tó ń yẹ eré wò, ṣàlàyé fún un pé ibi tó ti kọ́kọ́ ṣìṣe ni ìgbésẹ̀ kìíní. Kó o wá máa retí pé kí ẹni yẹn padà wá lọ́la?

Ti òjóró tún wà. Nínú gbọ̀ngàn ìdíje, ojú kojú ni, kílọ́ọ̀kì wà láàárín yín, ìṣẹ́jú 25 fún kálukú, fóònù wà nínú báàgì. Nínú yàrá ẹ, ta ló rí ẹ? Áàpù tó ń tú létà pọ̀ lọ bíi yanrìn, ọ̀fẹ́ ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń ṣe é, ṣùgbọ́n ohun tó ba nǹkan jẹ́ ju òjóró lọ ni ìfura. Ọmọ kan wà tó fi gbogbo àsìkò ìyanṣẹ́lódì kàwé, tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í na àwọn ará dífíṣọ̀n A, dípò ká ṣàjọyọ̀ fún un ẹ̀sùn ni wọ́n fi kàn án, wọ́n ní kó wá ta á lórí fídíò ká máa wo ọwọ́ ẹ̀. Ó tan kámẹ́rà, ó nà wọ́n, ó sì jáde kúrò nínú gúrúùpù lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Àwọn tó wọlé pẹ̀lú ẹ̀, ọmọ yunifásítì bíi tiẹ̀, bá a lọ lẹ́nìkọ̀ọ̀kan.

Àwọn ọmọ yìí ò jókòó lásán o, chess ni wọ́n ń ta. Mi ò bá wọn jà, Túndé Ọ̀nàkọ́yà tó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, tó lọ kọ́ àwọn ọmọ Májídùn ní Ìkòròdú, tó tún wá jókòó sí Times Square ní New York ní April 2024 tó ta chess fún wákàtí 60, ó ti sọ eré yẹn di ohun tí ọmọdé fi ń yangàn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo kíyè sí ni pé tó o bá wọ Chess.com, ìgbàkígbà tó o bá tẹ̀ ẹ́, ẹni tí ò mọ̀ ọ́n ta bí ìwọ gan-an ò ṣe mọ̀ ọ́n ni wọ́n máa gbé fún ẹ, torí èrò pọ̀ ńbẹ̀. Ọ̀pẹ ń na ọ̀pẹ, ọkàn wọn balẹ̀. Gúrúùpù kékeré ò ní irú ààyè yẹn. Tí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá ń ta, ẹni tuntun á rí ẹgbẹ́ ẹ̀ bá ta. Tó bá ku ogún, tí ọ̀ta pọ̀ jù nínú wọn, ọ̀ta ni ẹni tuntun máa kọ́kọ́ kò, wọ́n á nà án bí ẹni máa kú, á lọ, àwọn tó kù á tún le sí i, ti ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún burú ju tiẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í ṣe dátà. Ẹgbẹ́ wa ń fúnra ẹ̀ lé èèyàn, bó ṣe ń kéré sí i ló ń le sí i fún ẹni tó bá fẹ́ wọ̀ ọ́.

Jápa náà ṣe tiẹ̀, mi ò ní purọ́. Ìdajì dífíṣọ̀n A ló ti ré òkun kọjá. Ti ìlú ọba ò fi bẹ́ẹ̀ le, aago wa àti tiwọn ò ju wákàtí kan síra wọn lọ, tó bá jẹ́ ìgbà ooru wọn ọ̀kan náà ni, àmọ́ iṣẹ́ alẹ́ ni wọ́n ń ṣe. Ti Canada ló burú, ìgbà tí wọ́n bá fi délé a ti ń hanrun. Wordle náà dé láàárín yẹn, èyí tí Josh Wardle ṣe tí New York Times wá rà lọ́wọ́ ẹ̀ ní January 2022, ọ̀rọ̀ kan péré lójúmọ́, ìṣẹ́jú díẹ̀, wàá fi àpótí aláwọ̀ ewé yangàn, kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́. Ó wá ku ASUU. Wọ́n yanṣẹ́ lódì láti February 14 títí di October 2022, gúrúùpù sì jí díẹ̀, líìgì tún rí èrò. Ó burú láti sọ, àmọ́ ìgbà tí iléèwé bá tì nìkan ni ẹgbẹ́ wa máa ń sanra. Wọ́n wọlé padà, a rù.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé àwọn ọ̀ta gan-an ò sí níbẹ̀ mọ́. Kí ni wọ́n fẹ́ wá ṣe? Róbọ́ọ̀tì wà lórí Woogles, HastyBot kì í rẹ̀, kì í ní kó o dúró òun fẹ́ gbé ìkòkò kalẹ̀, iná ẹ̀ kì í lọ, bọ́ọ̀sì ò lè gba iwájú ẹ̀ kọjá kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ẹ̀ wá já. Ẹ̀kọ́ ni wọ́n ń bá kiri, róbọ́ọ̀tì sì ń kọ́ wọn dáadáa ju wa lọ. Tí ìdíje gidi bá wà, wọ́n á wọ mọ́tò lọ bá ara wọn, ìyẹn ò kú rárá, àwọn tó ń ta á lójú kojú ṣì wà káàkiri ilẹ̀ yìí tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀dù àti kílọ́ọ̀kì sínú báàgì rìnrìn àjò. Tiwa ti orí fóònù ló tú. Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀bùn náà, káàdì ìpè fún ẹni tó bá gba ipò kìíní lọ́sẹ̀, àwọn kan náà ló ń gbà á, ọ̀kan nínú wọn wá ń fi tẹ́ẹ̀sì béèrè pé ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ dà.

Mattel tó ni Scrabble níbi gbogbo tí kì í ṣe Amẹ́ríkà àti Canada mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀. April 2024 ni wọ́n gbé Scrabble Together jáde nílẹ̀ Yúróòpù, bọ́ọ̀dù olójú méjì, ojú kan ni èyí tá a mọ̀, ojú kejì ẹ̀ ẹ jọ máa parapọ̀ ṣe é ni, torí wọ́n ní eré náà ń dẹ́rù ba àwọn míì. Àwọn ọ̀ta wa fi ṣe yẹ̀yẹ́ fún odindi ọjọ́ kan, ọjọ́ yẹn ni mo rí wọn nínú gúrúùpù kẹ́yìn tí wọ́n sọ̀rọ̀ pọ̀. Èmi náà ò ní rà á o, inú mi máa ń dùn tí mo bá na èèyàn, mi ò fẹ́ parapọ̀ pẹ̀lú ẹnì kankan. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń tajà mọ oníbàárà tí ò yà sọ́dọ̀ ẹ̀ mọ́.

Mo pe Ìyá Ìbejì. Mo ní "ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà, ojú yín tó ń dun yín ńkọ́", ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó ní ojú wo. Ṣé ẹ mọ ohun tó ń ṣe lálẹ́? Lúdò! Òun àtàwọn ará ìjọ ẹ̀, mẹ́rin mẹ́rin lórí fóònù, wọ́n á ṣí ìpè sí i kí wọ́n lè máa gbọ́ ohùn ara wọn, ẹni tí wọ́n bá pa ọmọ ẹ̀ á máa ké, ó ní ọkọ òun ti fi yàrá sílẹ̀ fún wọn. Dátà yìí kan náà, fóònù yìí kan náà, ojú yìí kan náà. Mo ní ṣé wọ́n ń ṣe líìgì ńbẹ̀, ó ní ọmọ mi, ta ló fẹ́ líìgì.

Torí náà èmi àtàwọn díẹ̀ kan ti bẹ̀rẹ̀ tiwa lálẹ́ Sunday, a ò bi ádímíìnì, a ò bi ará dífíṣọ̀n A. Lórí Woogles náà ni, àmọ́ kò sí rétíǹgì, kò sí void, double la yàn, ìyẹn ni pé tó o bá ṣálẹ́ńjì ọ̀rọ̀ tó já sí òótọ́, ìwọ lo máa pàdánù ìgbà tìẹ, kó o rò ó dáadáa kó o tó fọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Ọ̀ta lè wá, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀ ni kó ti lọ ṣàlàyé Quackle fún ara ẹ̀. Ìyá Ìbejì ní òun máa yà wò wá tí ètò ìjọ bá tètè parí. Bọ̀dá kọ́mẹ́ńtárì wà ní Leeds báyìí, ó ní òun ń lọ síbi iṣẹ́ lásìkò yẹn àmọ́ òun lè ṣe ìlàjì àkọ́kọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni o. Ẹ gbé irọ́ yín dání.